Ìbọ̀wọ́ Kan fún Ọwọ́ Méjì

Leida, oṣù Èrèlé ni yìnyín òkun la ẹnu,
ó gbé Priidik mì, tòun ti ẹja tó pa,
ó sì tún ẹnu pa dé bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan.
Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí fìlà.
Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n rí ẹni tó ni fìlà.

Gbogbo erékùṣù Kihnu rọ́ wá sílé rẹ.
Èyí gbé búrẹ́dì dúdú wá, èyí gbé ẹja gbígbẹ,
èyí ní, “Ó tó gẹ́ẹ́, má sunkún mọ́,”
àfi bí ẹni pé ẹkún ní òṣùwọ̀n, bí ìyẹ̀fun.
Èmi dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, mo ń wo bàtà mi.
Ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu.
Mo fọ àwo mẹ́rin, mo gba ilé lọ.

Nílé ni mo ti yọ abẹ́rẹ́ ìyá mi márààrún jáde,
irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀ díẹ̀ síbi tí ìka rẹ̀ ń gbé.
Mo mú irun àgùntàn dúdú, mo mú aláró,
nítorí lọ́dọ̀ wa, ara aṣọ obìnrin la ti ń ka ọjọ́ orí ọ̀fọ̀:
dúdú á kọ́kọ́ jọba, aró á yọjú,
kí pupa tó fọgbọ́n yọ́ wọlé, ìlà kan, ìlà kan.

Ojú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló yí ọrùn ọwọ́ ká.
Àwọn kan mọ àdúrà tó gùn bí okùn àwọ̀n;
èmi, ojú kọ̀ọ̀kan ni mo fi bẹ Ọlọ́run.
Ojú kìíní: jẹ́ kí ọbẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá.
Ojú kejì: jẹ́ kó sùn títí àkùkọ yóò fi kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Ojú kẹta: kó má ṣe gbé àwo méjì sórí tábìlì;
bó bá sì ṣèèṣì gbé e, kí ẹnikẹ́ni má rí i.
Ojú kẹrin, mo ti gbàgbé.
Ojú karùn-ún, inú bí mi. Mo ní,
Ìwọ tó ń tẹ́ yìnyín bí ẹní, tó ń ká a bí ẹní,
ṣé O ò rí ọkùnrin tó wà lórí ẹní ni?
Mi ò tú ojú yẹn. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Òru mẹ́sàn-án. Àbẹ́là ń jó níwájú àwòrán Màríà,
ológbò ń lé òwú kiri, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Bí ojú kan bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́,
omi á bọ́ lójú èmi náà.
Nínú ikùn àtàǹpàkò, níbi tí ojú aráyé ò lè tó,
mo hun ìlà pupa kan,
tínínrín, bí ẹ̀jẹ̀ ètè tí òtútù là.

Alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìsìn, mo kan ìlẹ̀kùn rẹ.
O ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́: ó gbé ọwọ́ náà mì.
Háà! Mo ti ṣi ìwọ̀n gbé.
Ọwọ́ Priidik ni ìka mi rántí,
ọwọ́ tó máa ń bá mi ru àpò ọ̀dùnkún láti etí omi.
Ojú tì mí. Mo ní kí o fún mi padà kí n lọ tú u.
O ò fún mi.
O ti ọwọ́ kejì bọ inú ìbọ̀wọ́ kan náà,
méjèèjì di ara wọn mú nínú òkùnkùn tó móoru,
o sì fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìkejì sọ́dọ̀ mi.
Èmi náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ la jókòó bí ọ̀daràn méjì tí wọ́n dè,
tíì ń tutù, kò sọ́wọ́ tí yóò gbé ife.
O rẹ́rìn-ín. Kékeré ni,
bí igi tútù tó fẹ́ gbiná, tó tún yí ọkàn padà.
Kò sẹ́ni tó ṣe àmín nínú àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ lo tó béèrè pé
kí ló ń rìn ọ́ ní àtàǹpàkò.
Mo ní kókó òwú ni.
Mi ò sọ àwọ̀ rẹ̀.